Bí Òṣìṣẹ́ Ṣe Lè Pẹ́ Lọ́dọ̀ Oníṣòwò Kékeré: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn aránṣọ, onídìrí, oníbúrẹ́dì, olóúnjẹ, atẹ̀wé àti àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtajà ló máa ń béèrè nǹkan wọ̀nyí jù. Òfin Nàìjíríà ni gbogbo òfin tí a dárúkọ níbí.

Ta ni òṣìṣẹ́, ta sì ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́?

Òṣìṣẹ́ ni ẹni tí ẹ gbà láti máa sanwó fún nítorí iṣẹ́ tó ń bá yín ṣe. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ẹni tí òbí tàbí alágbàtọ́ mú wá kí ẹ kọ́ níṣẹ́, tí ẹ jọ dá iye ọdún tó máa lò, tí ẹ ó sì ṣe fírídọ̀mù fún tó bá parí. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ọmọ tó ti gba fírídọ̀mù lésìí, tó ṣì ń jókòó sídìí máṣíìnì yín, tí ẹ ń fún ní ₦1,000 lọ́jọ́ tó bá wù yín. Òṣìṣẹ́ ni ẹni yẹn. Ó yẹ kó mọ iye tó ń gbà àti ọjọ́ tó ń gbà á.

Ọ̀gá púpọ̀ ló máa ń sọ pé "ọmọ mi ni", pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó. Tó bá jẹ́ ọmọ yín lóòótọ́, ilé yín ló ń sùn, ìkòkò yín ló ti ń jẹun, ẹ̀yin lẹ sì ń san owó ilé ìwé rẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Iye wo ló kéré jù tí mo lè san?

Ní Oṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ tún òfin owó oṣù tó kéré jù ṣe, ó kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000. Òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó tún yọ àwọn tó ń gbowó lórí iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, irú bí aránṣọ tó ń gba tirẹ̀ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, òfin ò lè fi tipá mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ka èyí.

Àdúgbò ló máa fi tipá mú yín. Lọ́dún yẹn kan náà, Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀, Ọ̀yọ́ sì kéde ₦80,000. Ọmọbìnrin tó ń bá yín tajà ní Bódìjà gbọ́ ọ lórí rédíò bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Ẹ wádìí ohun tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín nítòsí ń san. Ẹni tó bá wá béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ yín máa sọ ọ́ fún yín tí ẹ bá bi í pé èló ló ń gbà níbi tó ti ń bọ̀. Tí tiyín bá fi púpọ̀ kéré sí tiwọn, ọ̀fẹ́ lẹ ń bá wọn kọ́ òṣìṣẹ́.

Ọjọ́ wo ló dára jù láti san owó oṣù?

Ọjọ́ tí ẹ bá ti dá, tí kò sì ní yẹ̀. Ì báà jẹ́ ọjọ́ 25, ì báà jẹ́ ọjọ́ 30, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé òṣìṣẹ́ ti fi ọjọ́ yẹn ṣe àdéhùn pẹ̀lú onílé, alájọ, ilé ìwé ọmọ rẹ̀ àti ìyá tó ń tà á ní ìrẹsì láwìn. Tí ẹ bá fi ọjọ́ márùn-ún pẹ́, gbogbo wọn ló máa bẹ̀. Ẹni tó ti bẹ onílé lẹ́ẹ̀mejì nítorí yín ti ń wo ibòmíràn, kódà tó bá ń rẹ́rìn-ín sí yín láràárọ̀.

Lójú tiwa, kò sí ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ pẹ́ níbi iṣẹ́ tó èyí. Ẹni tó ń gba ₦55,000 lọ́jọ́ tó dá lójú máa ń pẹ́ ju ẹni tó ń gba ₦65,000 tí kò mọ ọjọ́ tó máa wọlé. Nígbà tí ọ̀gá bá béèrè pé kí lòun tún lè fún wọn, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi òun náà ni pé ọjọ́ wo lẹ san ti oṣù tó kọjá, ọjọ́ wo lẹ sì san ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa rí i san ni pé kí ẹ máa yà á sọ́tọ̀ lójoojúmọ́. Ká ní owó oṣù gbogbo wọn jẹ́ ₦260,000, tí ẹ sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 26 lóṣù, ₦10,000 lóòjọ́ nìyẹn. Ẹ fi sínú àkáǹtì mìíràn tí káàdì rẹ̀ kò sí lápò yín. Tí owó ọjà àti owó òṣìṣẹ́ bá jọ wà lójú kan, ọjà ló máa jẹ gbogbo rẹ̀, nítorí ọjọ́ gbogbo ni ẹni tó ń kó ọjà wá máa ń pè yín, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù sì ni òṣìṣẹ́ ń bi yín.

Òṣìṣẹ́ mi ò ju méjì lọ. Ṣé mo ní láti kọ ìwé fún wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin iṣẹ́ sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, kí ìwé tó sọ àdéhùn yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ewé kan ti tó: iṣẹ́ tó máa ṣe, iye owó àti ọjọ́ rẹ̀, aago tó máa wọlé àti èyí tó máa jáde, ọjọ́ ìsinmi, àti bí ẹnì kan ṣe máa sọ fún ẹnì kejì ṣáájú tí wọ́n bá fẹ́ pínyà. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́ tó bá jẹ́ òun ló yé yín méjèèjì jù.

Lórí pípínyà, òfin ti dá iye ọjọ́ fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sọ ọ́. Ẹni tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ó de ọ̀gá, ó sì de òṣìṣẹ́ náà.

Owó ọkọ̀ ń jẹ ìdajì owó oṣù wọn. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ ní Oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní bíi ₦190 tó sì kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí ló ti di ìdí tí òṣìṣẹ́ fi ń kúrò lójijì. Ẹ bá wọn ṣe ìṣirò náà. Ẹni tó ń ná ₦1,200 lójúmọ́ lórí dáńfó àti kẹ̀kẹ́ máa ná ₦31,200 ní ọjọ́ 26. Tí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦60,000, ẹ mọ ohun tó kù.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ yọ owó ọkọ̀ kúrò lára owó oṣù, kí ẹ máa fún wọn láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò ní sí pé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn lóṣù ni wọ́n á máa sọ pé ara àwọn kò yá, nígbà tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni kò sí. Tí iṣẹ́ yín bá gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé ní aago mẹ́wàá dípò mẹ́jọ, kí wọ́n má bàa wọ ọkọ̀ lásìkò tí owó rẹ̀ ń lé sí i. Àwọn mìíràn ti sọ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà di márùn-ún, wọ́n wá fi wákàtí kún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá sì tún fẹ́ gba ènìyàn, ẹ wo ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ rìn wá.

Ṣé dandan ni kí n máa fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán?

Rárá. Ohun tó jẹ́ dandan ni àsìkò láti jẹun: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà sókè lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Àwa ò tíì rí ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sá lọ torí pé kò sí oúnjẹ, àmọ́ a ti rí àwọn tó lọ torí pé wọ́n máa ń pè wọ́n kúrò nídìí àwo.

Ilé oúnjẹ nìkan lọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ló ti ń jẹun. Ẹ fún wọn jẹ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìkòkò tí ẹ fẹ́ tà. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò alẹ́ àná lẹ ń bù fún wọn, wọ́n máa bu tiwọn nígbà tí ẹ kò bá sí ńbẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi mélòó ló tọ́ sí wọn?

Ọjọ́ kan gbáko nínú ọjọ́ méje. Ẹni tó bá ti lo oṣù 12, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lọ́dún tí owó rẹ̀ ń lọ. Tó bá ń ṣàìsàn, tó sì mú ìwé dókítà wá, ó lè tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Ẹ fi ìsinmi ọdọọdún sí àsìkò tí ọjà bá dẹ̀: fún àwọn aránṣọ, ẹ̀yìn Iléyá tàbí Oṣù Kìíní ló bọ́ sí i.

Mùsùlùmí tó fẹ́ lọ kírun Jímọ́ àti Kristẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ tò wọ́n kí ẹnì kan máa di ipò ẹnì kejì mú. Ẹ má gbàgbé àwọn oníṣẹ̀ṣe. Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ti ń fi 20 Oṣù Kẹjọ ṣe ọlidé Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ó sì máa ń dun òṣìṣẹ́ tó jẹ́ oníṣẹ̀ṣe tí ọ̀gá bá ń ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Kí oṣù tó dé àárín, wọ́n ti ń tọrọ owó sílẹ̀. Ṣé kí n máa fún wọn?

Ẹ máa fún wọn, àmọ́ kí ó ní ìlànà: ìdámẹ́rin owó oṣù ni kò gbọdọ̀ kọjá, ọjọ́ kan pàtó láàárín oṣù ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ jọ fọwọ́ sí i, ẹ má sì gba èlé lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń tọrọ lóṣooṣù, a jẹ́ pé ọgbọ̀n ọjọ́ ti gùn jù fún owó náà. Ẹ dán an wò kí ẹ pín in sí méjì, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 30.

Ẹlòmíràn ti kó sọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, àwọn tó máa ń fi ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè. Ó lè dé ọ̀dọ̀ yín náà. Ẹ má kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì fi han ìyàwó tàbí ọkọ yín pé "ẹ wá wo ọmọ yìí". Ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ bi í pé èló ló kù. Ìtìjú yẹn nìkan ti mú kí àwọn kan má padà wá síṣẹ́ mọ́.

Owó kù nínú àpótí, tàbí ó fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì oníbàárà. Ṣé mo lè yọ ọ́ nínú owó oṣù?

Ibi tí àwọn ọ̀gá ti ń rú òfin jù rèé, láìmọ̀. Òfin iṣẹ́ kò gbà kí ẹ yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù. ₦500 tí ẹ ń yọ lórí ẹni tó bá pẹ́ dé kò bófin mu. Tó bá jẹ́ òfò tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà, ẹ lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, àmọ́ aláṣẹ láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi ìwé gbà á. Àpapọ̀ ohun tí ẹ ń yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdámẹ́ta owó oṣù lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, tani ó máa lọ sí sẹkitéríàtì nítorí ₦4,000? Nítorí náà, ẹ dí ọ̀nà tí owó ń gbà kù. Ẹni kan ṣoṣo ni kó máa di àpótí mú ní àsìkò kan. Tó bá ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí wọ́n jọ ka owó náà, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ọjà jáde lórí àwòrán tí oníbàárà fi hàn lórí fóònù pé òun ti sanwó.

Àlébù ńlá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀gá. Tó bá jẹ́ pé fóònù yín ni ìròyìn owó máa ń wọ̀ sí, tí ẹ sì ti gba Ṣàgámù lọ sí òde, báwo ni ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ṣe máa mọ̀ pé owó ti wọlé? Ayédèrú ìròyìn owó tó bá wọlé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbèsè òṣìṣẹ́. Ẹ ra fóònù kékeré fún ṣọ́ọ̀bù, kí ìròyìn àkáǹtì náà máa wọ ibẹ̀.

Ní ti aṣọ tó jó, ẹ̀yin lẹ máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ má ti òṣìṣẹ́ síwájú kó lọ gba èébú.

Báwo ni mo ṣe máa bá òṣìṣẹ́ wí tí kò ní bínú lọ?

Ẹ má ṣe é lójú oníbàárà, ẹ má ṣe é lójú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó kéré sí i. Ẹ sọ ohun tó ṣe, kì í ṣe irú ènìyàn tó jẹ́. "O gé apá aṣọ yìí kúrú" ni, kì í ṣe "orí rẹ ò pé". Kí ẹnu má sì dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀gá tó bá bú ìyá òṣìṣẹ́ ti pàdánù òṣìṣẹ́ yẹn, ì báà lo ọdún kan sí i níbẹ̀.

Tó bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ fi ọ̀wọ̀ kún un: ẹ pè é ní "Bọ̀dá" tàbí "Ìyá" bí ẹ ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ọ̀wọ̀ kò ní kí ẹ máà sọ ọ́.

Ṣé ó burú kí n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago mẹ́wàá alẹ́?

Ó burú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀.

Ó lóyún. Kí ni òfin sọ?

Tí dókítà bá ti kọ̀wé sí i, ó lè lọ sinmi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń retí ìbímọ, kò sì ní padà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín kó tó lọ, ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ ni ẹ máa san ní gbogbo àsìkò náà. Tó bá padà dé, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú.

Ẹ wá ẹni tó máa di ipò rẹ̀ mú kó tó lọ, kí òun fúnra rẹ̀ sì kọ́ ẹni náà. Ẹ lọ síbi ìkómọ. Àwọn tó kù ní ṣọ́ọ̀bù ń wo ohun tí ẹ máa ṣe, pàápàá àwọn obìnrin tí kò tíì bímọ.

Oníbàárà kan máa ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó sì ń náwó gan-an.

Ẹ pe oníbàárà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un pé kó má ṣe é mọ́. Tó bá tún ṣe é, ẹ má tà fún un mọ́. Tí ẹ bá dákẹ́ torí owó, ọmọbìnrin náà ti mọ iye tí ẹ tà á, gbogbo àwọn tó kù sì ti mọ̀ pẹ̀lú. Bákan náà ló rí tó bá jẹ́ àbúrò yín tàbí ọmọ yín ọkùnrin ló ń ṣe é.

Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣé ó yẹ kí n máa san owó fún un bí àwọn yòókù?

Òfin iṣẹ́ kò ka ẹbí agbanisíṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kọ sókè yìí kò bò ó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ ìwé fún un ju gbogbo wọn lọ. Tí àìgbọ́ra-ẹni-yé bá wà, ilé ni ẹ ti máa parí rẹ̀, níwájú ìyá yín.

Àwọn tí kì í ṣe ẹbí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá ń dé ní aago mẹ́jọ tí àbúrò yín ń dé ní mẹ́wàá, tó ń mú owó nínú àpótí pé "mo máa sọ fún Àǹtí", àwọn tó múṣẹ́ lára wọn ló máa kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọ̀lẹ ni yóò kù.

Kí ni kí n fún wọn lọ́dún?

Ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀ náà. Ìrẹsì àpò kan lésìí àti ìkíni lásán lọ́dún yìí burú ju kóńgò márùn-ún ní ọdún méjèèjì. Ẹ fún Mùsùlùmí ní tirẹ̀ kí Iléyá tó dé, ẹ fún Kristẹni kí Kérésìmesì tó dé. Ẹ̀bùn kò sì lè dí ihò owó oṣù tí ẹ jẹ wọ́n. Tí ẹ bá jẹ òṣìṣẹ́ ní oṣù méjì, tí ẹ wá gbé adìyẹ fún un, ẹ ń fi í ṣẹ̀sín ni.

Lásìkò aṣọ ẹbí, a máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń sá lọ. Kí ló dé?

Torí pé òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Wọ́n mọ iye aṣọ tó jáde. Wọ́n mọ iye tí ẹ gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí owó oṣù wọn kò bá yàtọ̀ ní Oṣù Kejìlá sí ti Oṣù Kejì, wọ́n máa ṣe ìṣirò náà fúnra wọn, lọ́kàn.

Ẹ dá owó alẹ́ sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: iye kan lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rán lẹ́yìn aago méje, kí ẹ san án ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Kí jẹnẹrétọ̀ ní epo, kí oúnjẹ alẹ́ wà, kí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà ríbi sùn sí. Àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ pé èrè àwọn máa dín kù. Ó máa dín kù lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ó ná yín láti máa wá aránṣọ tuntun ní gbogbo Oṣù Kìíní, tí ẹ ń tún iṣẹ́ tí wọ́n bàjẹ́ ṣe títí di Oṣù Kẹta.

Owó ìfẹ̀yìntì, ìlera àti ìjàǹbá ńkọ́?

Òfin ìfẹ̀yìntì 2014 de ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, ìdá 8 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ ètò ìfẹ̀yìntì ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Òfin ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun tàbí ẹ̀rọ ìgéwèé ní ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré, torí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gé ìka ni owó ilé ìwòsàn máa di tiyín.

Ní ti ìlera, àwọn ìpínlẹ̀ ti ní ètò tiwọn, irú bí Ìlera Èkó. Bí ẹ bá san tọdún kan fún òṣìṣẹ́, á ní ìtumọ̀ sí i ju fìlà àti aṣọ tí ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí lọ.

Wọ́n ti mọ iye tí mo ń san fún ara wọn, ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa mọ̀ ọ́n ṣáá ni, ẹ má fi ìpamọ́ ṣe ètò. Ẹ jókòó, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà sójú àwọn méjèèjì. "Ó ti lo ọdún mẹ́rin" jẹ́ àlàyé. "Òun ló ń gé aṣọ, ìwọ ń rán" jẹ́ àlàyé. "Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀" kì í ṣe àlàyé. Tí ìyàtọ̀ náà kò bá ní ìdí, ẹ gbé ti ẹni tó kéré sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì sọ oṣù tó máa dọ́gba fún un.

Ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà mi, ó ń lọ ṣe é nílé.

Méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń ránṣọ fún ní alẹ́, tí kò fi òwú yín ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀. Owó yẹn ló ń jẹ́ kí ó lè gba owó oṣù tí ẹ ń san. Tó bá jẹ́ oníbàárà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ló ń yọ lọ, olè ni.

Àmọ́ ẹ wádìí ìdí tí oníbàárà náà fi tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn, ẹ̀yin lẹ sọ fún oníbàárà pé àyè kò sí títí oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀nà kan ni pé kí òṣìṣẹ́ tó bá mú iṣẹ́ wá fún ṣọ́ọ̀bù gba ìdá kan nínú owó rẹ̀, bíi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa rí nǹkan ní gbangba kò ní máa fi òru ṣe é.

Mo kọ́ ọ níṣẹ́ tán, ó fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè dá a dúró?

Ẹ kò lè dá a dúró títí láé. Ẹ̀yin náà fi ọ̀gá yín sílẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ jẹ́ kí lílọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ jọ mọ̀. Àwọn aránṣọ àti onídìrí kan ń bá òṣìṣẹ́ wọn ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta: òṣìṣẹ́ ń fi ₦5,000 sílẹ̀ lóṣù, ọ̀gá ń fi ₦5,000 kún un, ní orúkọ òṣìṣẹ́ náà, ní báǹkì. Ní òpin ọdún mẹ́ta, ₦360,000 ti wà nílẹ̀ fún máṣíìnì tàbí owó ṣọ́ọ̀bù. Tó bá lọ kí ọjọ́ tó pé, tirẹ̀ nìkan ló máa kó lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì tọ́jú owó náà sínú àpótí ọjà, torí ọjọ́ tí ẹ bá yá a ni àdéhùn náà ti bàjẹ́.

Ẹni tó bá lọ báyìí kì í sábà ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ojúkojú yín. Ó tún máa ń gbé iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún un wá. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ọjà ò yá, mi ò lè san owó oṣù pé. Kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ fún wọn kí ọjọ́ náà tó pé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì fi iye sí i: "Ìdajì ni mo máa lè san lọ́jọ́ 28, ìyókù máa wọlé lọ́jọ́ 10." Kí ọjọ́ 10 náà má yẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ kọ́kọ́ san tirẹ̀ pé.

Ẹ má ra ọkọ̀ lóṣù yẹn. Ẹ má ṣe òde tó ní aṣọ ẹbí. Òṣìṣẹ́ lè fara da àìsí, àmọ́ tó bá rí fọ́tò yín lórí ẹ̀rọ ayélujára níbi tí ẹ ti ń náwó fún olórin, kò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́.

Ó ti ní òun ń lọ. Ṣé kí n fi owó kún un kó lè dúró?

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń lé e. Tó bá jẹ́ owó nìkan, tí ẹ sì mọ̀ pé ohun tí ẹ ń san kéré, ẹ fi kún un, kí ẹ sì wo ti àwọn yòókù lọ́jọ́ kan náà. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí ẹnu yín, owó á kàn sún un síwájú fún ìgbà díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Kánádà ló ń lọ, ẹ gbàdúrà fún un, kí ó kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́ náà kó tó lọ.

Ẹni tó fi mí sílẹ̀ lésìí fẹ́ padà wá. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ wo bó ṣe lọ. Ẹni tó sọ fún yín, tó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, tó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ gbà á. Ó ti mọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti rí bí ìta ṣe rí. Ẹni tó sá lọ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì pẹ̀lú ìwé nọ́ńbà àwọn oníbàárà, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́, ẹ má gbà á.

Ibi tó le ni owó. Ó máa fẹ́ gba ohun tó ń gbà níbi tó ti ń bọ̀, ìyẹn sì lè ju ohun tí ẹni tó dúró tì yín ń gbà lọ. Ẹ má fún un jù ú lọ, àyàfi tó bá kọ́ iṣẹ́ kan bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀ kó tó dé, kí ó máà jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa bá a lórí àga.